Dọ̀tun, Onífọ́tò Inú Agbami

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí: Ọládọ̀tun Bámigbóyè kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Kò fìgbà kankan jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá dé Ayétòrò-Èkìtì lónìí, tí ẹ béèrè ilé Prófẹ́sọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ilé rẹ̀ ni wọ́n máa júwe fún yín. Wọ́n á tún fi kún un pé ọkùnrin náà gbéraga, pé kì í bá èèyàn dá sí nǹkan kan. Irọ́ ni. Kò gbéraga rárá. Iṣẹ́ tó fi ọgbọ̀n ọdún ó lé ṣe láyé ni kò rí ẹni bá sọ, kí ni kó wá máa bá wa sọ?

Olúfúnmiláyọ̀ lorúkọ mi, Màmá Yínká ni ìlú ń pè mí. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣe tíṣà kí ìjọba tó ní kí n lọ sinmi. Mi ò mọ̀wẹ̀. Òkun gan-an, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rí i, lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ sí Èkó. Mo dúró sí ọ̀ọ́kán, mo di ìró mi mú, mo ní kí wọ́n jẹ́ ká máa lọ sílé. Nítorí náà, tí mo bá ṣi nǹkan sọ nípa omi, ẹ foríjì mí. Ti ìlú wa ni mo mọ̀.

Bàbá rẹ̀, Joshua Bámigbóyè, ni hẹdimásítà wa nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n máa ń nà wá tí a bá sọ pé "ulé" dípò "ilé" ní kíláàsì, bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá délé tiwọn, "ulé" àti "uṣu" ló wà lẹ́nu àwọn náà. Ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ sọ̀rọ̀ Bàbá láìdáa. Nígbà tí bàbá tó bí mi ní kí n fi ìwé sílẹ̀ torí pé obìnrin ni mí, kí n wá máa bá ìyá mi lọ sóko, hẹdimásítà ló wá bá wa nílé. Wọ́n jókòó sórí àpótí nínú ilé ìdáná ìyá mi, wọn ò dìde títí bàbá mi fi gbà. Ohunkóhun tí mo dà láyé, orí àpótí yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn kí ẹ tó dá mi lẹ́bi. Ẹ ṣì máa dá mi lẹ́bi ṣá.

Inú odò tó wà lọ́nà oko wọn ni Dọ̀tun ti kọ́ ìwẹ̀ ní kékeré. Ìyá rẹ̀, Ẹ̀yínadé, á mú pàṣán, á lé e jáde nínú omi, ọmọ á tún padà wọ̀ ọ́. Nígbà tó wọ yunifásítì ní Èkó láti lọ kọ́ nípa ẹja, ewúrẹ́ ni Bàbá pa. Ẹ mọ àwa ará Èkìtì. Ilé tí kò bá ní ọ̀jọ̀gbọ́n á ní dókítà, ilé tí kò bá ní dókítà á ní ẹni tó ń kà á lọ́wọ́. Bàbá ti ń ka ọdún.

Ní ọdún kejì ló bá àwọn òyìnbó kan pàdé létí òkun. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ní. Wọ́n máa ń wà á lọ sínú agbami, níbi tí ojú ò ti rí ilẹ̀ mọ́, wọ́n á bọ́ sínú omi, wọ́n á máa ya fọ́tò àwọn ẹja ńláńlá tí àwọn olówó ń lọ fi ìwọ̀ pa ṣeré. Wọ́n ń wá ẹni tó lè sé èémí pẹ́ lábẹ́ omi, kó máa bá wọn gbé kámẹ́rà. Dọ̀tun bá wọn lọ, ó ní òun á padà tí wọ́n bá wọlé. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló lò níbẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́ ni kámẹ́rà ti kúrò lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ tirẹ̀.

Ó kọ lẹ́tà sílé, ó ṣàlàyé. Ìlà kan ni Bàbá fi dá a lóhùn: "Mi ò rán ọmọ lọ sí yunifásítì kó wá di onífọ́tò." Lójú wa níbí, onífọ́tò ni ẹni tó ń kúnlẹ̀ níwájú èèyàn níbi ìsìnkú, tí yóò tún máa sáré tẹ̀ lé wọn lọ́jọ́ kejì pé fọ́tò ti jáde. Bàbá ní kó ṣèlérí pé kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni nílé, nígbà tí òun bá ṣì wà láyé. Ó ṣèlérí.

Tí a bá wá béèrè Dọ̀tun lọ́wọ́ Bàbá, wọ́n á ní, "Ó wà lójú òkun. Ẹja ló wà nídìí rẹ̀." Kò sírọ́ níbẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Dókítà, Bàbá ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Nígbà tí wọ́n sì kú, èmi ni wọ́n ní kí n kọ ìwé ètò ìsìnkú. Èmi náà ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́ síbẹ̀: "Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládọ̀tun Bámigbóyè, ọmọ olóògbé." Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Mo kàn rò ó pé ẹni tó ti wà nídìí ẹja láti bí ogún ọdún ó lé lókè òkun, kí ni kò ní jẹ́ kó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n? Orí tíṣà nìyẹn. Tíṣà Èkìtì sì tún ni.

Dọ̀tun ò bá ìsìnkú náà. Inú agbami ni ìròyìn ti bá a, nígbà tó fi máa délé, ọ̀sẹ̀ méjì ti kọjá. Mo fún un ní ìwé ètò náà. Ó kà á, ó ká a, ó fi í sápò.

Ọdún kẹfà lẹ́yìn ìyẹn ló kó ẹrù dé pátápátá. Etí rẹ̀ ọ̀tún ti dákẹ́, ibi tí omi ti ń tẹ̀ ẹ́ láti ọdúnmọ́dún wá. Dókítà ní tó bá tún sọ̀kalẹ̀ sínú òkun, tòsì náà á lọ. Ó ti fẹ́ ìyàwó kan rí létí òkun lọ́hùn-ún, ìyẹn ò lè máa dúró de ọkọ tí í délé ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ó ti bá tirẹ̀ lọ. Kò sọ́mọ. Ó kó sínú ilé bàbá rẹ̀ lóun nìkan. Lóṣù àkọ́kọ́, àwọn èèyàn ń lọ kí i. Wọ́n á béèrè pé yunifásítì wo ni, ó fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún ta ni? Á wo ilẹ̀, á ní, "Ẹ ṣeun, ẹ kú ilé." Kò pẹ́ tí wọn ò fi lọ mọ́. Tí mo bá ń kọjá lọ síbi ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń rí i lórí àga níwájú ilé, ó kọjú sí òkè, kò ní rédíò, kò ní ìwé lọ́wọ́. Àánú rẹ̀ máa ń ṣe mí, mo máa ń kí i, mo máa ń kọjá.

Lọ́dún tó kọjá, ẹgbẹ́ àwa tí a jáde nílé ẹ̀kọ́ náà kọ́ yàrá ìkàwé kan ní orúkọ hẹdimásítà. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́. Wọ́n ní kí n lọ gba ìtàn ayé Prófẹ́sọ̀ wá, ká lè tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ètò. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni mo lọ, ọyẹ́ ṣì ń fẹ́.

Mo bá a lórí ẹní, ó tẹ́ aṣọ funfun síwájú. Àpótí kámẹ́rà kan wà níbẹ̀, ó tóbi bí ìkòkò ọbẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó mú rọ́bà pẹlẹbẹ kan dání, ó róbótó bí ẹ̀gbà ọwọ́, ó ń fi ọ̀rá pa á pẹ̀lú ọmọ ìka.

"Kí lẹ̀ ń ṣe, Prófẹ́sọ̀?"

"Rọ́bà ẹnu àpótí yìí ni mò ń nù, mà. Irun kan ṣoṣo tó bá há sábẹ́ rẹ̀, omi á wọlé, kámẹ́rà ti kú nìyẹn."

"Omi kẹ̀? Omi dà ní Ayétòrò?"

Ó rẹ́rìn-ín. Àṣé ọkùnrin yìí mọ ẹ̀rín ín rín! Ó ní, "Ó ti mọ́ mi lára ni. Ojoojúmọ́ ni mo máa ń nù ún."

Mi ò mọ ohun tí ó rí lójú mi lọ́jọ́ náà tó fi dìde. Ó ní, "Màmá Yínká, ẹ wá." Ó mú mi lọ sí yàrá ẹ̀yìn, yàrá tí Bàbá ti ń máàkì ìwé wa nígbà kan. Ó ṣí fèrèsé. Mo ké, "Jésù!"

Ẹja ni. Ara ògiri kún fún fọ́tò ẹja. Ọ̀kan wà láàárín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ògiri tán, imú rẹ̀ gùn, ó mú bí idà, wọ́n ń pè é ní máálìn. Ara rẹ̀ ń tàn, ìlà aláwọ̀ ojú ọ̀run wà lára rẹ̀ láti orí dé ìrù. Ojú rẹ̀ kan ṣoṣo ń wò mí, ó wò mí bí ìgbà tí mo ṣẹ̀ ẹ́.

"Báwo ló ṣe tóbi tó lójú ayé?"

"Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó mọ́tò, mà."

"Ẹ̀yin sì wà nínú omi níwájú rẹ̀?"

"Bí èmi àti ẹ̀yin ṣe wà yìí. Téèyàn bá jìnnà, omi á bo àwòrán, gbogbo rẹ̀ á dà bí ọyẹ́. Àfi kéèyàn sún mọ́ ọn."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Yé! Ọkùnrin tí a ní kì í sọ̀rọ̀! Ó ní àwọn kì í gbé gáàsì èémí sẹ́yìn, torí ìhó tó ń jáde nínú rẹ̀ máa ń lé ẹja, èémí tí Ọlọ́run fi sínú àyà làwọn ń sé. Ó ní wọ́n lè fi ọjọ́ márùn-ún wà lójú omi láìrí nǹkan kan, ojú ẹyẹ ni wọ́n ń wò, ibi tí ẹyẹ bá ti ń já wọnú omi ni ẹja kéékèèké wà, ibi tí ẹja kéékèèké bá wà ni ẹni ńlá ń bọ̀. Ó ní téèyàn bá ti wọlé, kò sí ìsàlẹ̀, kò sí ẹ̀gbẹ́, gbogbo rẹ̀ kàn jẹ́ aláwọ̀ kan náà títí lọ. Ẹni tí ẹ̀rù ìdánìkanwà bá ń bà kò lè ṣe é. Ó ní àwọ̀ tó wà lára ẹja yẹn, ìgbà tó bá fẹ́ pa ẹran nìkan ló ń tan bẹ́ẹ̀, tí wọ́n bá ti fi ìwọ̀ fà á sínú ọkọ̀, tó kú, á di eérú.

"Báwo ló ṣe pẹ́ tó níwájú yín?"

"Bí ẹni ka ení, èjì, títí dé ẹẹ́sàn-án. Nígbà tó lọ, mo sunkún nínú omi níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀."

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ní, "Yunifásítì wo ló wá ni iṣẹ́ yìí?" Ó ní kò sí. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, ti lẹ́tà Bàbá, ti ìlérí, ti ìwé ètò ìsìnkú tí mo kọ. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́, ó ní kí n má bẹ òun.

"Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́, mà. Ẹ bá mi kọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹ kọ ọ́ pé onífọ́tò ni mí. Ìlérí tí mo ṣe fún Bàbá, mo pa á mọ́ títí wọ́n fi wọlẹ̀. Mi ò fẹ́ kí èmi náà kú sínú orúkọ ẹlòmíràn."

Mo ní, "Dọ̀tun, mo gbọ́. Mo máa kọ ọ́." Àbúrò mi ni lọ́jọ́ orí, mo fi orúkọ pè é lọ́jọ́ náà, inú rẹ̀ dùn bí ọmọdé. Mo kọ ọ́ lóòótọ́. Ojú ìwé méjì, kò sí irọ́ níbẹ̀, tíṣà ni mí, mo mọ ìwé kọ. Mi ò kọ ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mo gbé e lọ sípàdé. Alàgbà Elijah, alága wa, ẹni tó ti ṣe ọ̀gá ní ọ́fíìsì ìjọba rí, kà á tán, wọ́n bọ́ awò ojú wọn.

"Màmá Yínká, ta lẹ fẹ́ dójú tì?"

"Ẹnikẹ́ni kọ́, sà. Òtítọ́ ni."

"Òtítọ́! A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Bàbá tó sọ gbogbo wa dèèyàn, lọ́jọ́ tí a fẹ́ ṣí ilé ìkàwé wọn, ni ẹ fẹ́ fi hàn gbogbo ayé pé òpùrọ́ ni wọ́n? Níwájú àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́?" Wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ta ló tiẹ̀ kọ́kọ́ kọ Ọ̀jọ̀gbọ́n sínú ìwé? Ṣé ẹ̀yin kọ́?"

Wọ́n mú mi. Mo gba ìwé náà, mo tún un kọ. Ìlà márùn-ún: Ọ̀jọ̀gbọ́n, olùwádìí, ọmọ hẹdimásítà. Mi ò lè kọjá níwájú ilé Dọ̀tun mọ́ títí ọjọ́ fi pé, ọ̀nà ẹ̀yìn ọjà ni mò ń gbà.

Sátidé ni. Wọ́n ta kánópì sí ọgbà ilé ẹ̀kọ́, àwọn ọmọ to sẹ́yìn. Dọ̀tun wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun, ó fi aṣọ di fọ́tò ńlá yẹn, ó gbé e dání fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ràn án lọ́wọ́. Wọ́n fún un ní ìwé ètò. Mo rí i tó ṣí i. Mo rí i tó gbójú sókè, tó ń wá mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pín omi inú ike kiri bí ẹni tí iṣẹ́ ń pa.

Wọ́n pe Ọ̀jọ̀gbọ́n kó wá sọ̀rọ̀. Ó gba makirofóònù.

"Ẹ jọ̀ọ́, èmi kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Mi ò parí yunifásítì."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan lẹ́yìn mi ní, "Ẹ wo ìrẹ̀lẹ̀! Àwọn tó kàwé gan-an nìyẹn."

"Mi ò ṣàwàdà. Onífọ́tò ni mí. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni mo fi ya fọ́tò ẹja." Ó tú aṣọ kúrò lára fọ́tò. Gbogbo ọgbà ní "Hẹ̀n-ẹ̀n!" Àwọn ọmọ dìde. "Èmi ni mo ya èyí. Iṣẹ́ mi nìyí."

Alàgbà Elijah ti fò dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wò ó! Ọ̀jọ̀gbọ́n tí kò jókòó sí ọ́fíìsì! Òun fúnra rẹ̀ ló wọnú òkun lọ bá ẹja!" Gbogbo èèyàn bá wọn pàtẹ́wọ́. Bí Dọ̀tun ṣe ń sẹ́ ẹ tó ni wọ́n ń yìn ín tó. Òwe ní bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Ẹni tó pa òwe yẹn kò dé ìlú wa. Òtítọ́ bá irọ́ lọ́jọ́ náà, a pàtẹ́wọ́ fún un, a ní kó lọ jókòó.

Ó wá rí mi. Ó nawọ́ sí mi. "Màmá Yínká mọ̀. Mo ti ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ bá mi sọ fún wọn."

Gbogbo orí yí sí mi. Mo dìde. Mo fẹ́ sọ ọ́, Ọlọ́run rí ọkàn mi. Ṣùgbọ́n fọ́tò hẹdimásítà wà lórí tábìlì níwájú, wọ́n fi òdòdó yí i ká, Alàgbà Elijah tẹjú mọ́ mi, ìwé ètò tí mo kọ sì wà lọ́wọ́ igba èèyàn. Mo gbọ́ ohùn ara mi:

"Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ mọ̀ pé ọ̀mọ̀wé gidi kì í fẹ́ ìyìn. Bí bàbá wọn náà ṣe rí nìyẹn."

Àtẹ́wọ́ sọ bí ààrá. Dọ̀tun wò mí, kò pẹ́ lọ títí. Ó rọra gbé makirofóònù sílẹ̀, ó jókòó. Ó bá wọn gé rìbọ́nù. Ó jẹ ìrẹsì tí wọ́n gbé fún un. Bíọ́lá, onífọ́tò tí a háyà, kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń yà á, mo rí Dọ̀tun tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, tó fọwọ́ júwe ibi tí oòrùn wà, tó sún un díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Àwọn méjèèjì jọ wo ẹ̀yìn kámẹ́rà náà. Òun nìkan ló bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí wọ́n parí, Bíọ́lá tẹrí ba, ó ní, "Ẹ ṣé o, Prof."

Wọ́n gbé fọ́tò ẹja náà kọ́ sínú yàrá ìkàwé. Ó wà níbẹ̀ di báyìí. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹja tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bámigbóyè ṣàwárí." Kò sí ẹni tó kọ ọ́ pé òun ló yà á.

Lọ́jọ́ kẹta, mo lọ bẹ̀ ẹ́. Èmi àgbàlagbà, mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sáré gbé mi dìde, ó fún mi ní àga, ó bu omi fún mi. Kò bínú, ì bá bínú ni ara ì bá tù mí. Mo ní, "Ẹ foríjì mí. Mo wá bẹ̀ yín ni."

Ó ní, "Ta lẹ wá bẹ̀, mà? Prófẹ́sọ̀ ni àbí onífọ́tò?"

Ó dúró dè mí, ó dúró pẹ́ gan-an, ó ń fún mi láyè. Ẹnu mi kò gbà á láti sọ pé onífọ́tò ni.

Ó wá ní, "Tó bá jẹ́ Prófẹ́sọ̀ ni, ó ti dárí jì yín. Kò tiẹ̀ sí ohun tí ẹ ṣe fún un. Onífọ́tò ò sí nílé."

Lẹ́yìn náà ó béèrè bí orúnkún mi ṣe ń ṣe sí, ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ó ní kí n kí àwọn ọmọ. Mo sunkún títí mo fi délé.